Agolo Bọ́ọ̀lù Láti Àbíjàn

Ọjọ́ tí agolo bọ́ọ̀lù dé sílé wa láti Àbíjàn ni mi ò ní gbàgbé láyé. Ọdún kejì tí a gba òmìnira ni.

Bàbá mi ló ń tọ́jú pápá tí àwọn Faransé ti ń gbá tẹníìsì lọ́hùn-ún. Nígbà tí Bàbá wá sílé ní Ẹ̀jìgbò kẹ́yìn, wọ́n kọ́ mi ní orúkọ àwọn nǹkan eré náà lédè Faransé lágbàlá. Ọsàn la fi ṣe bọ́ọ̀lù, ó di "báàlì". Okùn ìsáṣọ la fi ṣe àwọ̀n, ó di "filé". Ọmọrogùn ìyá mi la fi ń gbá a, ó di "rakẹ́ẹ̀tì".

Nígbà tí wọ́n ń padà lọ, wọ́n ní, "Àṣàbí, bí mo bá padà dé, n óò bi ọ́ ní ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí o bá mọ̀ ọ́n, bọ́ọ̀lù gidi ni n óò fún ọ."

Ojoojúmọ́ ni mo ń ka ọ̀rọ̀ náà sórí. Nígbà tí ọkọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà wa, mo sáré jáde, mo ń pariwo, "Báàlì! Filé! Rakẹ́ẹ̀tì!"

Ọ̀rẹ́ Bàbá nìkan ló sọ̀ kalẹ̀, wọ́n di agolo kan mú tí a ya bọ́ọ̀lù tẹníìsì sí lára. Mo kúnlẹ̀.

"Ẹ kú àbọ̀, sà. Mo ti mọ gbogbo rẹ̀. Ṣé bọ́ọ̀lù mi nìyẹn?"

Wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá wọlé. Ìyá àgbà gba agolo náà, wọ́n ṣí i, wọ́n figbe ta. Irun orí Bàbá àti èékánná wọn ló wà nínú rẹ̀. Àbíjàn ni Bàbá kú sí, ibẹ̀ ni wọ́n sin ìyókù ara wọn sí.

Ní ìrọ̀lẹ́, a sin agolo náà sí àgbàlá, lábẹ́ okùn ìsáṣọ. Mo ṣì mọ ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta títí dòní, kò sì sẹ́ni tó bi mí.