Wáyà Búlúù Orí Tábìlì Ọ̀gá

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ yin wáyà búlúù. Kò wúwo, kò dán bíi wúrà, síbẹ̀ tó bá gba ojú fèrèsé wọlé, tó ká jọ lórí tábìlì bí ejò tó yó, ẹni tó jókòó sẹ́yìn tábìlì náà á tún agbádá rẹ̀ gbé sí èjìká, á wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, á sì mọ̀ pé òun ti di ẹni ńlá. Mo ti rí iyùn lọ́rùn àwọn ìjòyè nílùú wa. N kò tí ì rí èyí tó ń mú ọrùn le tó wáyà búlúù.

Mo rántí ọdún tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì, tí wọ́n gbà mí sí ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ kan ní Ìlá-Ọ̀ràngún láti máa bójú tó kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ló ní íńtánẹ́ẹ̀tì nígbà náà, ti akọ̀wé wa, obìnrin kan tó ti lo ogún ọdún nídìí iṣẹ́, tí kò sí olùkọ́ tí kò mọ̀ ọ́n láti Ọ̀tan títí dé Ọ̀rà. Òun ló ń fi ọ̀rọ̀ àwọn olùkọ́ sórí ìkànnì ìjọba, ìkànnì náà kì í sì í ṣí níbòmíràn àfi lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ọ́fíìsì wa. Á jókòó, á tẹ̀ ẹ́, á parí. Bí mo ṣe dé báyìí ni ọ̀gá ní a gbọ́dọ̀ mú nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà gbòòrò, kí ojú má bàa tì wá bí àlejò bá dé láti Èkó.

Ohun tí wọ́n fi lé mi lọ́wọ́ kò ju ìdì wáyà búlúù kan tí eku ti jẹ lẹ́nu, ẹ̀mú kan tí kò gé nǹkan mọ́, àti àpótí kékeré tí ń pín íńtánẹ́ẹ̀tì. Ihò márùn-ún ló wà lára àpótí yìí. Íńtánẹ́ẹ̀tì á gba ọ̀kan wọlé, ó ku mẹ́rin. Kọ̀ǹpútà mẹ́jọ ló sì wà nílẹ̀. Mo kọ̀wé béèrè àpótí tó tóbi, tàbí ẹ̀rọ tí ń fọ́n íńtánẹ́ẹ̀tì káàkiri láìlo wáyà. Ìwé mi rìn, ó gba òǹtẹ̀ mẹ́ta, ó sì padà wá bá mi ní oṣù kejì pẹ̀lú gbólóhùn kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: "Ẹ fi èyí tó wà nílẹ̀ ṣe é." Wọ́n ní ẹni tó lórí kò ní fìlà, ẹni tó ní fìlà kò lórí. Tiwa sàn díẹ̀: orí mẹ́jọ, fìlà mẹ́rin.

Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ló yẹ kí a fún. Ṣùgbọ́n bí ìgbà tí wọ́n ń pín ẹran nínú ẹbí ni a ṣe pín in, láti orí àgbà wá sílẹ̀. Ọ̀gá mú ìkíní, ó sì ní inú yàrá òun ni àpótí náà máa gbé. Igbákejì rẹ̀, tó sọ kọ̀ǹpútà tirẹ̀ di ibi tó ń gbé òdòdó oníke lé, mú ìkejì. Olùṣírò mú ìkẹta. Nígbà tó ku ẹyọ kan, ọ̀gá wò mí, ó ní, "Ìwọ lo kàwé ẹ̀. Fi ìkẹrin síbi tó bá yẹ." Mo ní kó wà fún àyẹ̀wò. Gbogbo ìpàdé mi orí. Kò sẹ́ni tó béèrè ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò.

Bí akọ̀wé ṣe pàdánù tirẹ̀ nìyẹn. Nígbà tí mò ń yọ wáyà lẹ́yìn kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó ní, "Injiníà, ṣé bó ṣe gbòòrò náà rèé? Kó tó gbòòrò, mo wà nínú ẹ̀." Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní kó máa fi fílàṣì gbé iṣẹ́ rẹ̀ lọ sórí kọ̀ǹpútà ọ̀gá. Mo tilẹ̀ fi Gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé rẹ̀, kó lè dà bí ìlọsíwájú.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni olùkọ́ kan dé láti Ọ̀rà. Rọpárọsẹ̀ ti dá ìyá rẹ̀ dùbúlẹ̀ ní Ìlá, kò sì sí ọmọ mìíràn nítòsí. Ó fẹ́ kí wọ́n gbé òun wá sí ilé-ẹ̀kọ́ kan nílùú, kí òun lè máa yọ lọ fún ìyá òun lóúnjẹ ọ̀sán. Aago mẹ́rin ọjọ́ Ẹtì ni ìkànnì máa tì, ó di ọdún tó ń bọ̀ kó tó tún ṣí.

Ọjọ́ Ajé ló dé. Akọ̀wé parí iṣẹ́ náà kí ọ̀sán tó pọ́n, ó mú fílàṣì dé ẹnu ọ̀nà ọ̀gá. Ọ̀gá ní àlejò. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ọ̀gá ṣì ní àlejò. Ní Ọjọ́rú akọ̀wé lọ bá igbákejì.

"Fílàṣì kẹ̀? Ẹ má kó àrùn ran ẹ̀rọ mi o, màmá. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e wá, kò ṣàìsàn rí."

"Ṣé ẹ ti tàn án rí, sà?"

Igbákejì tún òdòdó rẹ̀ tò. Ní Ọjọ́bọ̀, a rí i pé olùṣírò ti lọ fún ìsinmi, ó sì ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa. Nígbà tó di ọjọ́ Ẹtì, ọ̀gá lọ síbi ìsìnkú ní Òkè-Ìlá, kọ́kọ́rọ́ yàrá rẹ̀ wà lápò agbádá rẹ̀. A pè é títí, kò gbé e.

Láti àárọ̀ ni olùkọ́ náà ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì, àpò rẹ̀ lórí itan. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà mẹ́ta ló wà lọ́jà tiwa, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ní wáyà. Nígbà tó ku díẹ̀ kí aago mẹ́rin lù, akọ̀wé kọjú sí mi.

"Injiníà, ti àyẹ̀wò ńkọ́?"

"Ẹ má bínú, mà. Wọn ò tí ì ṣètò rẹ̀ fún irú ìkànnì bẹ́ẹ̀."

"Ta ni 'wọn'?"

Aago mẹ́rin lù. Olùkọ́ náà dìde, ó tún gèlè rẹ̀ wé, ó ní, "Ẹ ṣeun, Injiníà. Ó di ọdún tó ń bọ̀." Ó lọ wá ọ̀kadà. Kò bú ẹnikẹ́ni. Bóyá tó bá bú mi ni, ǹ bá ti gbàgbé.

Ìbàdàn ni mò ń gbé báyìí. Mo ti sọ ìtàn òdòdó oníke àti kọ́kọ́rọ́ inú agbádá láìmọye ìgbà, àwọn ènìyàn a sì máa rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo lọ sílé lọ́dún tó kọjá, mo pàdé akọ̀wé, ó ti fẹ̀yìntì. Ó ní wọ́n gbé olùkọ́ náà wá sí Ìlá nígbẹ̀yìn, sí ilé-ẹ̀kọ́ tí kò jìnnà sílé ìyá rẹ̀ rárá, ṣùgbọ́n ìyá náà ti kú kí ìkànnì tó tún ṣí. Lẹ́yìn náà ló wá bi mí bóyá àyẹ̀wò náà ti parí.

Kò sí ohun tí mò ń yẹ̀ wò. Orí tábìlì mi ni wáyà kẹrin wà nígbà náà, ó ká jọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ láàpútọ́ọ̀pù mi, níbi tí gbogbo ẹni tó bá wọlé ti lè rí i. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa lọ́jọ́ Ẹtì yẹn. N kò kàn fẹ́ dìde lórí àga mi fún akọ̀wé ni. Ohun tí mo fi ń ṣe àwọn ọ̀gá mi yẹ̀yẹ́ láti òkè wá, èmi náà ṣe é.