Àtíbàbà Tí Mo Fi Fẹ́ Dá Màmá Mi Dúró

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn tí a sin bàbá mi ni mo lọ kó màmá mi wá sí Ìgàndó. Èmi nìkan ni wọ́n bí. Ṣé kí n fi wọ́n sílẹ̀ nínú ilé òfìfo l'Ékìtì ni? Ṣùgbọ́n láràárọ̀ ni wọ́n ń bi mí pé ìgbà wo làwọn máa lọ sílé, pé oko bàbá mi ti ń digbó. Ohun kan ṣoṣo tó ń mú wọn rẹ́rìn-ín ni àwọn ike ọ̀dà tí wọ́n tò sẹ́yìnkùlé, tí wọ́n gbin ata àti ewúro sí. Oòrùn ń pa wọ́n nídìí ẹ̀, òjò ń pa wọ́n. Mo ní ó tán: bí mo bá tún ibẹ̀ ṣe dáadáa, wọ́n á fìdí kalẹ̀.

Mo pe káfíńtà kan, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ní ṣọ́ọ̀bù l'Égan. Mo fi àwòrán kan hàn án nínú ìwé: obìnrin òyìnbó dúró nídìí tábìlì gíga lábẹ́ òrùlé kékeré, ó ń bu iyẹ̀pẹ̀ sínú ìkòkò òdòdó. Ó ri òpó mẹ́rin, ó kan páànù lé e, ó wá ṣe tábìlì tó dé ìbàdí. Sátidé méjì gbáko ni mo fi dúró tì í, tí mò ń jágbe mọ́ ọn pé pákó yìí wọ́, ìṣó yìí yọ orí. Nígbà tó parí, mo pe màmá mi síta tayọ̀tayọ̀.

Wọ́n wo òkè, wọ́n wo ìsàlẹ̀. "O ṣé, ọmọ mi. Olúwa á ṣe tìẹ náà fún ọ."

Ọjọ́ Ajé ni mo dé láti ibi iṣẹ́, mo bá wọn lórí àpótí, lábẹ́ tábìlì! Wọ́n na ẹsẹ̀ méjèèjì, wọ́n ń po iyẹ̀pẹ̀ mọ́ ìgbẹ́ adìyẹ. Aṣọ ni wọ́n sá sórí tábìlì.

Inú bí mi. "Màmá, kí wá ni tábìlì wà fún?"

"Ta ló ń dúró gbin nǹkan? Ṣé sọ́jà ni mí ni?"

Nígbà tí káfíńtà gbọ́, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. "Ọ̀gá, a kì í fárí lẹ́yìn olórí. Ẹ ò bi màmá léèrè jàre." Ó fa ayùn yọ, ó gé ẹsẹ̀ tábìlì náà títí ó fi bá àpótí wọn mu.

Láti ọjọ́ náà, wọn ò dárúkọ ilé fún mi mọ́. Àbúrò wọn kan mú iṣu àti kòkó tó pọ́n wá láti Èkìtì. Àwọn ọmọ mi lá kòkó náà tán, màmá mi ní kí ẹnikẹ́ni má da hóró ẹ̀ nù. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n gbìn ín sínú ọ̀rá omi. Kòkó kékeré ò fẹ́ oòrùn, abẹ́ páànù mi sì tù ú lára. Bó ṣe ń yọ ewé ni ọkàn mi ń balẹ̀. Ẹni tó ń gbin kòkó, ṣé ó tún ń lọ síbì kan ni?

Àfi àárọ̀ ọjọ́ kan tí mo bá wọn nínú aṣọ ìrìnàjò, tí wọ́n ń to kòkó náà sínú páálí.

"Màmá, ibo lẹ ń kó o lọ?"

"Oko bàbá rẹ ni. Àbí o rò pé orí sìmẹ́ǹtì yìí ni kòkó á ti dàgbà? Àjò kì í dùn kónílé má relé."

Mo bú sẹ́kún, èmi bàbá ọlọ́mọ mẹ́ta. Mo ní wọ́n tàn mí jẹ, mo ní mi ò wa ọkọ̀ kankan lọ síbì kan. Wọ́n fà mí mọ́ra.

"Ìwọ ni mo ń gbìn ín fún. Bó bá ti so, wàá máa wá ká a. Èmi náà á sì máa rí ọ."

Mo fi ọkọ̀ gbé wọn lọ, páálí mẹ́rin nínú bùútù. Kòkó náà so, ó so ju ẹ̀ẹ̀kan lọ kí màmá mi tó kú. Orí fóònù ni wọ́n ti ń sọ fún mi pé ó ti pọ́n. Ohùn wọn ń wù mí í gbọ́ títí dòní. Lọ́dọọdún nígbà náà, èmi a máa dáhùn pé, "Ọdún tó ń bọ̀, Màmá, bí Ọlọ́run bá fẹ́."