Ojú Ìwé Tí N Kò Kà

Mo rántí ìgbà tí mo máa ń gun àpáta tó wà lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́ wa ní Ìkẹ́rẹ́ ní ìrọ̀lẹ́, tí bàtà tí mo fi kọ́ ọmọ láti àárọ̀ ṣì wà lẹ́sẹ̀ mi, nítorí pé orí rẹ̀ nìkan ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í ti í já. Òkúta náà á ṣì máa gbóná láti inú oòrùn ọ̀sán. Màá tẹ́ bébà sílẹ̀, màá jókòó, màá sì pe ìyàwó mi ní Amẹ́ríkà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó bá rí mi lókè níbẹ̀ máa ń rò pé àdúrà ni mo ń gbà. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mí nígbà náà. Ìṣirò ni mo ń kọ́ wọn, mo sì gbà pé kò sí ohun tó lè ta kókó fún ẹni tó bá fara balẹ̀ ka ìbéèrè. Ohun tí mo máa ń pariwo mọ́ wọn ní kíláàsì nìyẹn, àfi bí ẹni pé èmi fúnra mi ni mo dá ìwé kíkà sílẹ̀.

Ọmọ Emùré ni bàbá ìyàwó mi. Ó lọ sí Amẹ́ríkà nígbà èwe, ó fẹ́ ọmọ ibẹ̀, ó sì kú síbẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti sọ fún ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí pé ilẹ̀ Emùré ni kí wọ́n sin òun sí. Bẹ́ẹ̀ ni obìnrin náà ṣe gbé òkú bàbá rẹ̀ wá sí ìlú tí kò dé rí. Àlùfáà tó fẹ́ ṣe ìsìnkú náà ní kí ìjọ wa bá òun wá ẹnì kan tó lè máa ṣe ògbufọ̀ fún obìnrin náà fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ilé ẹ̀kọ́ wà ní ìsinmi, n kò sì níṣẹ́ lọ́wọ́, ni wọ́n bá ní kí n máa lọ.

Yorùbá tó gbọ́ kò ju nǹkan bí ogún ọ̀rọ̀ lọ, ti Emùré pọ́ńbélé sì ni gbogbo rẹ̀, èyí tí bàbá rẹ̀ fi sí i lẹ́nu. Ó ń pe ilé ní "ulé," ó ń pe iṣu ní "uṣu," pẹ̀lú ohùn Amẹ́ríkà. Èmi tísà, mo ń tún un ṣe fún un. Mo ní iṣu ló wà nínú ìwé. Ó wò mí, ó ní bàbá òun kì í ṣe ìwé. Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé lọ́jọ́ náà, òun ni mo ń rò títí tí mo fi sùn. Láti ìgbà náà ló ti ń pè mí ní Tísà.

A sọ̀rọ̀ lórí fóònù fún ọdún kan gbáko kó tó padà wá. Ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ ni a ti kọ́kọ́ fọwọ́ síwèé ìgbéyàwó, lẹ́yìn náà a lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyá mi wá láti Ìsẹ̀ pẹ̀lú iṣu tó kún ẹ̀yìn ọkọ̀. Ìyàwó mi lo ọ̀sẹ̀ mẹ́rin nínú yàrá méjì tí mo háyà. Ó máa ń jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láàárọ̀, á máa kí gbogbo ẹni tó bá ń kọjá, títí tí àwọn ará àdúgbò fi ń gba ọ̀nà wa kọjá nítorí kó lè kí wọn.

Ọmọ ìlú Amẹ́ríkà ni, nítorí náà òun ló ní láti tọrọ mi lọ́wọ́ ìjọba wọn. Lọ́yà rẹ̀ ní kí a kó ẹ̀rí jọ pé ìgbéyàwó wa kì í ṣe nítorí ìwé ìgbélùú lásán. Láti ọjọ́ náà ni a ti bẹ̀rẹ̀ sí í ya fọ́tò ohun gbogbo. Mo ní fọ́tò kan tí mo ti ń bó iṣu fún un. Iṣu mẹ́ta ni mo bó kí ọ̀kan tó dára nínú fọ́tò, a sì jẹ iṣu fún ọjọ́ mẹ́ta. Inú àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi ń dùn fún mi ju bó ṣe yẹ lọ. Wọ́n ní mo gbọ́n. Kò sí ẹni tó ní mo nífẹ̀ẹ́. Èmi náà kò ṣàlàyé, nítorí pé ká má purọ́, ó wù mí kí wọ́n máa pè mí ní ọlọ́gbọ́n.

Oṣù kan lẹ́yìn tó padà sí Amẹ́ríkà, ó pè mí pé òun ti lóyún. Mo sáré sọ̀ kalẹ̀ lórí àpáta lọ́jọ́ náà. Èmi àti ìyá mi nìkan ni a mọ̀ ọ́n níhìn-ín. Ní oṣù kẹta, mo ń ṣọ́ àwọn ọmọ nínú yàrá ìdánwò nígbà tí fóònù mi gbọ̀n nínú àpò. Mo jáde sí ẹnu ọ̀nà. Ó ní, "Tísà, ó ti bàjẹ́." Mo ní kó má sọkún, pé Ọlọ́run yóò fún wa ní òmíràn, pé màá pè é bí ìdánwò bá parí. Mo sì pè é ní ìrọ̀lẹ́ lóòótọ́, ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Mo rò pé mo ń ràn án lọ́wọ́ láti gbàgbé ni.

Nígbà tí mo dé Ìsẹ̀ tí mo ròyìn fún ìyá mi, ó ní, "Mọ́ sọ ọ́ nulé, mọ́ sọ ọ́ loko." Ó ní bí a bá ń dárúkọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀, yóò tún máa ṣẹlẹ̀ ni. Ó rọrùn fún mi láti gbà. Lẹ́yìn bí oṣù kan àbọ̀, ìyàwó mi ní òun ti fún ọmọ náà ní orúkọ, orúkọ Yorùbá. Mo ní kò sí ẹni tó ń sọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lórúkọ nílẹ̀ wa. Kò tún mẹ́nu kàn án fún mi mọ́.

Ìwé wa ń rìn lọ díẹ̀díẹ̀. Lọ́yà ní kí ó kọ ìtàn ìgbéyàwó wa sílẹ̀ fún ìjọba, ó sì fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Ojú ìwé mọ́kànlá ni. Mo tẹ̀ ẹ́ jáde ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà kan, mo yẹ orúkọ mi wò bóyá wọ́n kọ ọ́ dáadáa, mo yẹ ọjọ́ ìbí mi wò, mo yẹ ọjọ́ ìgbéyàwó wò. Gbogbo rẹ̀ pé. Mo fi í sínú fáìlì láì ka ìyókù. Mo gba ìwé ẹ̀rí ọlọ́pàá, mo ṣe àyẹ̀wò ara, mo ra ṣẹ́ẹ̀tì funfun kan, mo sì wọkọ̀ lọ sí Èkó fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò físà ní ọ́fíìsì ìjọba Amẹ́ríkà.

Ọ̀dọ́mọbìnrin òyìnbó kan ló dá mi lóhùn láti ẹ̀yìn gíláàsì. Kò le mọ́ mi, kò sì rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n na ọwọ́ ọ̀tún sókè kí n búra pé òtítọ́ ni màá sọ, mo sì búra. Ó béèrè ibi tí a ti pàdé, iṣẹ́ tí ìyàwó mi ń ṣe, àwọn tó wá síbi ìgbéyàwó, ohun tí ìyàwó mi fẹ́ràn láti máa jẹ láàárọ̀. Mo ń dáhùn bí ẹni tó wà lójú pátákó nínú kíláàsì ara rẹ̀. Mo tilẹ̀ ti ń ronú ohun tí màá sọ fún ìyàwó mi bí mo bá jáde. Lẹ́yìn náà ni obìnrin náà ṣí ìwé kan níwájú rẹ̀.

"Ṣé ìyàwó yín ti lóyún fún yín rí?"

"Rárá," ni mo wí.

Ó gbójú sókè wò mí. "Ẹ rò ó dáadáa."

"Kò lóyún rí."

N kò jókòó pinnu pé màá parọ́. Ó ti lé lọ́dún kan tí mo ti ń kọ́ ẹnu mi láti fo ọ̀rọ̀ yẹn, nígbà tí àjèjì sì béèrè rẹ̀ lẹ́yìn gíláàsì, tí àwọn ènìyàn jókòó lẹ́yìn mi tí wọ́n ń gbọ́, ẹnu mi fò ó fúnra rẹ̀. Obìnrin náà kọ̀wé fún ìgbà pípẹ́. Ó fún mi ní bébà kan, ó ní wọn yóò tún ọ̀rọ̀ wa yẹ̀ wò ní Amẹ́ríkà, wọn yóò sì kọ̀wé sí ìyàwó mi.

Nínú ọkọ̀ tí mo wọ̀ padà, bí a ti kọjá Ọ̀rẹ̀, mo yọ ìwé ìyàwó mi jáde láti yẹ àwọn ìdáhùn mi wò, bí àwọn ọmọ ti máa ń ṣe bí wọ́n bá jáde nínú ìdánwò. Ojú ìwé kẹjọ ni ọ̀rọ̀ oyún náà wà.

Ó kọ ọ́ pé ibi iṣẹ́ òru ni òun wà, nínú yàrá àyẹ̀wò ilé ìwòsàn tí òun ti ń ṣiṣẹ́, nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dà. Òun fúnra rẹ̀ ló wa ọkọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn mìíràn, kí àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ má bàa rí i. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, ó mú fóònù lọ́wọ́ fún nǹkan bíi wákàtí kan kó tó pè mí, nítorí ó ń ṣírò aago tó lù ní Ìkẹ́rẹ́, kò fẹ́ dí mi lọ́wọ́ nínú ìdánwò, ṣùgbọ́n kò lè dúró mọ́. Ó kọ ọ̀rọ̀ tí mo sọ fún un lọ́jọ́ náà sílẹ̀ bó ṣe jáde lẹ́nu mi gẹ́lẹ́. Ó ní òun mọ̀ pé n kò ní i lọ́kàn láti dun òun. Ó kọ orúkọ ọmọ náà. Ó wá kọ ọ́ pé, "Mo mọ̀ pé ọkọ mi ń sunkún níbi tí ojú mi kò tó."

N kò sunkún nígbà tí oyún náà bàjẹ́. Kí a tó dé Oǹdó ni mo tó sun ún. Ìyá àgbà tó jókòó tì mí rí fáìlì lórí itan mi, ó rò pé wọn kò fún mi ní físà ni. Ó gbá mi lẹ́yìn pẹ́ẹ́pẹ́ẹ́, ó ní kí n má banú jẹ́, pé Kánádà ṣì wà.

Ó yẹ kí n sọ fún ìyàwó mi ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Mo gun àpáta, mo pè é, mo sì ní wọ́n kàn fẹ́ tún ìwé wa wò ni. Mo ń wá ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ náà yóò rọrùn láti sọ. Oṣù márùn-ún ni mo fi wá a, títí tí ìwé ìjọba fi dé ọwọ́ rẹ̀.

"Wọ́n kọ ọ́ síbí pé o ní n kò lóyún rí," ni ó wí.

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo wá bẹ̀rẹ̀ àlàyé. Mo sọ ohun tí ìyá mi wí, mo sọ bí a ti ń ṣe nílẹ̀ wa, mo ní ojú ti mí láti sọ ọ́ níwájú àjèjì. Ó jẹ́ kí n sọ gbogbo rẹ̀ tán. N kò gbọ́ pé ó ń sunkún.

"Mo gbọ́ gbogbo ìyẹn, Tísà. Ṣùgbọ́n òbí méjì péré ni ọmọ yẹn ní. Wọ́n bi ọ̀kan léèrè, ó ní kò sí ọmọ."

Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣì jà fún mi. Ó gba ìwé ilé ìwòsàn jáde, ó fi ránṣẹ́ sí wọn, ó sì kọ̀wé pé ọkọ òun kì í ṣe elétàn, pé ìbànújẹ́ ló di ẹnu rẹ̀. Ó tún jẹ́rìí rere fún mi lórí ohun tí n kò ṣe. Ìjọba gbà. Wọ́n ní kí n padà wá sí Èkó, wọ́n sì dá ọjọ́. Lọ́yà ní físà náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sí mi lọ́wọ́.

Ìyàwó mi fúnra rẹ̀ ló pè mí láti sọ fún mi. Ohùn rẹ̀ dákẹ́ jẹ́jẹ́. Ó ní òun ṣe é kí ẹnikẹ́ni má bàa kọ orúkọ burúkú mọ́ orúkọ mi níbikíbi. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ mí. Jọ̀wọ́, má wá."

Mo béèrè ohun tí mo lè ṣe. Ó ní ká ní ohun kan wà ni, òun ìbá ti sọ ọ́ fún mi.

Gbogbo ènìyàn ní kí n lọ. Ìyá mi wá láti Ìsẹ̀ wá bẹ̀ mí. Wọ́n ní kí n ṣáà débẹ̀ ná, pé bí mo bá ti débẹ̀, màá lè bẹ̀ ẹ́. Ó wù mí gan-an. Ṣùgbọ́n bí mo bá wọkọ̀ òfuurufú pẹ̀lú físà tí ìyàwó mi gbà fún mi, lẹ́yìn tó ti ní kí n má wá, òótọ́ ni ohun tí wọ́n ń rò nípa mi láti ìbẹ̀rẹ̀ yóò jẹ́. Ní ọjọ́ tí wọ́n dá fún mi ní Èkó, mo wà ní kíláàsì, mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìdáméjì àti ìdámẹ́ta. Ṣẹ́ẹ̀tì funfun yẹn ni mo wọ̀, n kò mọ ìdí. Ìwé ìkọ̀sílẹ̀ dé ní ọdún tó tẹ̀ lé e, mo fọwọ́ sí i lórí tábìlì yàrá àwọn olùkọ́ láàárín àwọn ìwé tí mo ń máàkì.

Ó ti pẹ́ díẹ̀ báyìí. Wọ́n ti gbé mi lọ sí Ìlúmọba, mo ti di igbákejì ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́. Mo gbọ́ pé ó ti fẹ́ ẹlòmíràn, inú mi sì dùn sí i, àfi ní àwọn ọjọ́ kan. Ní ọjà tàbí ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹnì kan á ṣì máa fi mí han ẹlòmíràn pé tísà tí físà bọ́ mọ́ lọ́wọ́ nìyẹn. N kì í bá wọn jiyàn.

Ní ọdún tó kọjá, oyún bàjẹ́ lára ìyàwó ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ wa. Gbogbo wa lọ kí wọn nílé. A jókòó, a gbàdúrà, oníkálùkù ní Ọlọ́run yóò fi òmíràn rọ́pò, a sì dìde. Nígbà tí àwọn yòókù dé ẹnu ọ̀nà, n kò bá wọn jáde. Mo padà jókòó. Mo bi obìnrin náà pé báwo ló ṣe ṣẹlẹ̀, níbo ló wà, ta ló wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ wò mí bí ẹni pé mo ṣe ohun tí kò tọ́. Mo ní kó jókòó tì wá. Obìnrin náà kọ́kọ́ wo ilẹ̀, lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́, ó sọ ọ́ pẹ́, àwọn kan nínú ohun tó sọ, ojú ọkọ rẹ̀ fi hàn pé òun náà kò gbọ́ ọ rí. Nígbà tí mo jáde, òjò ti bẹ̀rẹ̀, mo dúró lábẹ́ òrùlé wọn fún ìgbà díẹ̀, mo sì ń gbọ́ ohùn àwọn méjèèjì láti inú ilé, wọ́n ṣì ń sọ ọ́.