Orúkọ Tí Àdúgbò Ń Gbé Mì

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Hezekiah fi pín lẹ́tà ní Kabba kó tó fẹ̀yìn tì, ó sì ṣọ̀wọ́n kó rí orúkọ títì lára àpò ìwé kankan. Ohun tí àwọn èèyàn máa ń kọ ni, "Ẹ bá mi fún Thomas, ilé tó kọjú sí ṣọ́ọ̀ṣì," tàbí, "Ìyá Delight, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìlọta." Hezekiah á gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀, á bi ẹni tó bá pàdé, wọ́n á sì júwe. Ó máa ń sọ fún Lois ìyàwó rẹ̀ pé ẹnu èèyàn ló mọ̀nà ní Kabba, kì í ṣe pátákó.

Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó gbé àpò lẹ́tà rẹ̀ wálé. Àpò fífẹ̀ ni, okùn rẹ̀ ti dán níbi tó ti ń wọ èjìká. Bólúwadúró, ọmọkùnrin rẹ̀ kan ṣoṣo, ló gbà á. Fóònù ni ọmọ náà ń tún ṣe. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, á gbé àpò kọ́ èjìká, á lọ sí Iyara, á lọ sí Ogidi, á kó fóònù tó ń ṣàìsàn wálé, á sì dá wọn padà lọ́sẹ̀ kejì. Hezekiah á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á máa wò ó lọ. Àpò kan náà, ọ̀nà kan náà.

Àpò yẹn ni àwọn ọlọ́pàá kan tó dá ọkọ̀ dúró lójú ọ̀nà tú wò lọ́jọ́ kan. Fóònù mẹ́tàdínlógún ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n ní ta ní ń gbé fóònù mẹ́tàdínlógún kiri bí kì í bá ṣe ọmọ yahoo? Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun ṣàlàyé. Ọ̀kan nínú wọn yìnbọn pa á. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélógún ni ọmọ náà.

Òbí kì í mọ ojú oórì ọmọ. Àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò ló sin ín, wọn ò sọ ibi tí wọ́n sin ín sí fún Hezekiah, òun náà ò sì bèèrè. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó dárúkọ ọmọ náà létí rẹ̀ mọ́, kí egbò má baà tún ṣí. Lois ò lè gbé inú ilé náà. Ó kó lọ sọ́dọ̀ Emmanuella, ọmọbìnrin wọn, ní Lọ́kọ́ja.

Ọdún kẹta ni àwọn ọ̀dọ́ kọ̀wé sí káńsù, káńsù sì gbà. Wọ́n ri pátákó mọ́lẹ̀ ní ọ̀kánkán ilé Hezekiah, lẹ́tà funfun lórí àwọ̀ ewé: ÒPÓPÓNÀ BÓLÚWADÚRÓ. Lọ́jọ́ náà ni Hezekiah gbé àga rẹ̀ kúrò lẹ́yìnkùlé wá síwájú ilé. Kò ní sàréè tó lè lọ bẹ̀ wò. Pátákó yìí ló ní.

Ṣùgbọ́n pátákó ò lóhùn. Ohun tó jókòó dè ni pé kí ẹnìkan tó ń kọjá pe orúkọ náà, láìsunkún, láìṣàánú, bí ẹni ń pe orúkọ ọjà.

Oṣù mẹ́sàn-án ló fi jókòó.

"Okun o, Bàbá," ni wọ́n ń wí, wọ́n á sì kọjá. Tí wọ́n bá ń júwe ilé fún àlejò, Ìdí Máńgòrò ni wọ́n ń pe ibẹ̀, orúkọ igi tí wọ́n ti gé láti ìgbà tí Bólúwadúró wà ní jẹ́lé-ó-sinmi.

Gbogbo ọjọ́ Sunday ni Lois máa ń pè láti Lọ́kọ́ja.

"Ṣé wọ́n ń pè é?"

"Wọ́n ń pè é."

"Ta ló pè é?"

"Juliet télọ̀ ni. Ó pè é lánàá."

Lois ò gbà á gbọ́. Ó mọ ohùn ọkọ rẹ̀. "Ọjọ́ tí mo bá fi etí mi gbọ́ ọ ni màá wá," ni á wí, á sì bi í bóyá ó ti jẹun.

Lọ́jọ́ Wednesday kan, Hezekiah lọ kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ara rẹ̀ ò yá ní Aiyetoro-Gbede. Nígbà tó padà bọ́ọ́lẹ̀ ní gáréèjì Kabba, ó pe ọlọ́kadà kan.

"Gbé mi lọ sí Ìdí Máńgòrò."

"Níbo nìyẹn, Bàbá? Ẹ má bínú, Ẹ̀júkù ni mo ti wá, oṣù mẹ́ta péré ni mo lò níbí."

Hezekiah bẹ̀rẹ̀ sí júwe bí wọ́n ti ń júwe fún un nígbà kan: kọjá iléèwé, yà sọ́tùn-ún, ṣọ́ọ̀bù Juliet télọ̀.

"Áà! Ṣebí Bólúwadúró nìyẹn! Ẹ sì kàn ń yí mi kiri bí eré. Ẹ gùn ún."

Hezekiah ò gùn ún. Ó di ìjókòó ọ̀kadà náà mú.

"Kí lo pè é?"

"Bólúwadúró. Ojoojúmọ́ ni mò ń gbé èèyàn lọ síbẹ̀. Àmọ́ àwọn obìnrin ibẹ̀ ti kìlọ̀ fún wa: bí a bá ti dé tòsí pátákó, a ò gbọdọ̀ pariwo rẹ̀ mọ́. Wọ́n ní bàbá ọmọ náà máa ń jókòó síta. Ẹ mọ̀ ọ́n?"

"Mo mọ̀ ọ́n."

"Ṣé ó le ni?"

"Kò le. Ebi ló ń pa etí rẹ̀."

Hezekiah gun ọ̀kadà náà; ọlọ́kadà wẹ̀yìn wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó sì gbé e dé iwájú ṣọ́ọ̀bù Juliet.

Juliet wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. "Ẹ kú àbọ̀, Bàbá. Aiyetoro ń kọ́?"

Hezekiah sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà. Fóònù ló yọ, ó tẹ nọ́ńbà Lois, ó sì gbé e dání.

"Juliet, bí oníbàárà bá ń wá ṣọ́ọ̀bù rẹ, ibo lo máa ń ní kó wá?"

Ọwọ́ Juliet dúró lórí aṣọ. "Ìdí... Ìdí Máńgòrò ni, Bàbá."

"Máńgòrò wo? O ti jẹ níbẹ̀ rí?"

"Àǹtí," ni ọlọ́kadà wí, "ó ti tú o."

"Pa ẹnu ẹ dé, ìwọ ẹlẹ́jọ́ yìí!" Juliet dìde, ó sì kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá. A ò fẹ́ kó dùn yín ni. Bólúwadúró ni mò ń pè é. Gbogbo wa la ń pè é bẹ́ẹ̀." Ohùn rẹ̀ ò ju èémí lọ.

"Dìde. Sọ ọ́ sókè."

"Bàbá..."

"Sọ ọ́ sókè. Lọ́kọ́ja jìn."

Juliet wo fóònù ọwọ́ Hezekiah. Ó dìde, ó gbọn ègé òwú kúrò lára, ó sì kígbe rẹ̀ bí ó ti máa ń kígbe rẹ̀ tí Hezekiah ò bá sí nílé: "Bólúwadúró! Ẹ yà sí Bólúwadúró, ẹ ó rí ṣọ́ọ̀bù mi!"

Ohùn Lois jáde nínú fóònù.

"Ta nìyẹn?"

"Juliet ni."

"Sọ fún un kó tún un pè."