Ṣùáíbù Tí Kì Í Jẹ́ Kẹ́nikẹ́ni Kọjá

Bí wọ́n bá dárúkọ Ṣùáíbù ní Orin-Èkìtì, ọ̀rọ̀ àgbò Lèmọ́mù ni wọ́n máa kọ́kọ́ sọ. Ọjọ́ Iléyá ni. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun tán ní Yídì ni àgbò já okùn, ó kọjú sí ọ̀nà Ìdó, ó fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Àwọn èèyàn ń pariwo pé kí wọ́n bá àwọn mú un. Sàmíát, ìyàwó Ṣùáíbù, rí i tí ọkọ rẹ̀ tẹ orúnkún ba, ó sì ti mọ ohun tó kàn.

"Bàbá Rídwàn, ẹ jọ̀ọ́, ẹran ni o."

Ṣùáíbù ti lọ. Tòun ti agbádá funfun tí Sàmíát ṣẹ̀ṣẹ̀ rán fún un ló fi fò mọ́ àgbò náà lẹ́gbẹ̀ẹ́, àwọn méjèèjì sì yí gbiri wọ inú ẹrẹ̀. Ó dìde, ó lu àyà, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè sí àwọn èrò. Àgbò ò dìde ní tiẹ̀.

Lèmọ́mù bẹ̀rẹ̀, ó wo ẹsẹ̀ ẹran náà títí. "Ṣùáíbù," ó ní, "ẹran tó kán lẹ́sẹ̀ ò ṣeé fi ṣọdún. Ìwọ náà mọ̀." Bí wọ́n ṣe fa àgbò Ṣùáíbù lọ sílé Lèmọ́mù nìyẹn, tí ilé Ṣùáíbù sì fi àgbò arọ yẹn se ọbẹ̀.

Kí ẹ má bàa pè é ní wèrè, iṣẹ́ tó ṣe jẹun ní Amẹ́ríkà nìyẹn. Bọ́ọ̀lù àwọn ará ibẹ̀, èyí tó rí bí èso kòkó, tí wọ́n ń gbé sábíyá sáré, ló gbá fún ọ̀pọ̀ ọdún. Òun kì í gbé bọ́ọ̀lù. Ẹ̀yìn ló ń ṣọ́, ẹni tó bá sì gbé e bọ̀, a gbé olúwarẹ̀ ṣánlẹ̀. Nígbà tí orúnkún rẹ̀ yẹ̀, ó kó bọ̀ wálé. Ohun kan ṣoṣo ló sì ń wá: kí bàbá rẹ̀, Àlàájì Jàmálù, àgbẹ̀ oníkòkó, pe ohun tóun ṣe lọ́hùn-ún ní iṣẹ́.

Ó gbé fídíò síwájú bàbá lórí fóònù.

"Góòlù mélòó lo gbá?" Àlàájì bi í.

"N kì í gbá góòlù, Bàbá. Ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù ni mo máa ń gbé ṣánlẹ̀."

"Kí ló fi ṣe ọ́?"

"Kò ṣe mí ní nǹkan kan."

"Kò jí uṣu rẹ?"

"Kò jí i, Bàbá."

"O wá gbé ọmọ ọlọ́mọ ṣánlẹ̀ lásán."

"Mo máa ń fà á dìde lẹ́yìn náà."

Àlàájì dá fóònù padà fún un. "Ìyẹn dáa. Ṣùgbọ́n eré ni. Kè é ṣe uṣẹ́." Ó mú àdá rẹ̀, ó gba oko lọ.

Ó dun Ṣùáíbù dọ́kàn, Sàmíát ló mọ bó ṣe dùn ún tó. Ilé tí ọmọ kọ́ fún un ni Àlàájì ń sùn sí, bí àlejò bá sì bi í, a ní eré ló kọ́ ọ.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé ara Ṣùáíbù kì í gbà á kí ẹnikẹ́ni gbé nǹkan dání kó máa sáré. Ní gáréèjì Ìdó, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Súnkànmí ń sáré lé bọ́ọ̀sì Ìkọ̀lé, ó gbá burẹ́dì mọ́ abíyá. Ṣùáíbù gbé e ṣánlẹ̀. Ó fà á dìde, ó gbọn eruku ara rẹ̀, ó ní, "O sáré dáadáa, àmọ́ o ṣí ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ sílẹ̀." Bọ́ọ̀sì ti lọ. Ṣùáíbù fúnra rẹ̀ ló fi ọkọ̀ gbé e dé Ìkọ̀lé, ó sì ń kọ́ ọ lójú ọ̀nà bí èèyàn ṣe ń di burẹ́dì mú.

Nígbà tó yá, ó kan Àlàájì. Bàbá ń sá kòkó létí títì, etí rẹ̀ ò sì gbọ́ràn dáadáa mọ́, ni típà kan tí bíréèkì rẹ̀ já ń bọ̀ látorí òkè. Ṣùáíbù fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu Sàmíát, ó sáré tòun ti orúnkún burúkú, ó gbé bàbá rẹ̀ ṣánlẹ̀ sínú oko ẹ̀gẹ́. Típà gba orí kòkó kọjá.

Àwọn tí kò rí típà rí ọmọ lórí bàbá. Àrìnkẹ́ tó ń gbé ní òdìkejì títì bú sẹ́kún pé ayé ti bàjẹ́. Àlàájì nínú ẹ̀gẹ́ ń wá fìlà.

"Ṣé bí o ṣe ń ṣe wọ́n lọ́hùn-ún nìyí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Kò dunni tó bí mo ṣe rò."

"Mo rọra ṣe é ni," Ṣùáíbù ní. Inú bí i gan-an.

"Ó dáa. Fà mí dìde. O ní o máa ń fà wọ́n dìde." Ó dìde, ó lọ ṣa kòkó rẹ̀. Síbẹ̀, kò pè é ní iṣẹ́.

Lọ́dún tó kọjá, Ṣùáíbù sùn, kò jí mọ́. Bàbá kì í dé ibi sàréè ọmọ, gbogbo Orin ló mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n Àlàájì mú ọ̀pá, ó ń bọ̀. Wọ́n fẹ́ dá a dúró. Ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń dá èèyàn dúró ló wà nínú aṣọ funfun, torí náà bàbá kọjá láàárín wọn.

Ṣùáíbù wúwo. Bí wọ́n ṣe ń gbé e sọ̀kalẹ̀, ẹsẹ̀ ẹnì kan yọ̀.

"Ẹ rọra," ni Àlàájì wí. "Ubi uṣẹ́ ló ti dé. Ó ti rẹ̀ ẹ́."

Níbi táwọn obìnrin dúró sí, Sàmíát gbọ́ ọ. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ó sì ń wo ọ̀hún bí ẹni ń retí kí ọkọ òun dìde, kó lu àyà, kó na ọwọ́ méjèèjì sókè.