Àwòrán Òkè Tí Bàbá Mi Yà Nínú Ọyẹ́

Òórùn ọ̀dà àti pẹtiróòlù ló máa ń kọ́kọ́ pàdé èèyàn lẹ́nu ọ̀nà ilé wa ní Dásà, ìlú olókè. Pátákó ṣọ́ọ̀bù ni bàbá mi ń kọ fún àwọn oníṣòwò tẹ́lẹ̀, kó tó di pé ó ń gun òkè lọ ya àwòrán láràárọ̀. Kì í fa ilà yí ohun tó bá ń yà ká. Búrọ́ọ̀ṣì ni yóò máa fi tẹ ọ̀dà bíńtín-bíńtín sórí aṣọ àwòrán, àwọ̀ osùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọ̀ ewé, títí ìmọ́lẹ̀ yóò fi dà bíi pé ó ń rìn lórí àpáta. Àwọn àgbẹ̀ abúlé Kèrè, nítòsí wa, a máa bi í pé ìgbà wo ló máa parí rẹ̀. Nígbà tí wọ́n pàtẹ iṣẹ́ rẹ̀ ní Kútọnu, tí wọ́n sì rọ̀ ọ́ pé kó máa gbé ibẹ̀, oṣù mẹ́ta péré ló lò. Ó ní ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú jù.

Èmi ní tèmi, Kútọnu ni mo ń gbé. Lọ́dún kan, mo wálé fún Nọẹ́lì, ọdún Kérésì, ó sì ní kí n bá òun gun òkè ní àárọ̀ ọjọ́ tí mo fẹ́ padà. Àpáta tutù rinrin, eruku ọyẹ́ bo gbogbo ìsàlẹ̀. Ohùn àkùkọ nìkan là ń gbọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í po àwọ̀ eérú mọ́ funfun.

Mo ní, "Bàbá, òkè iwájú yẹn ò mà hàn. Ẹ ṣáà mọ bó ṣe rí, ẹ yà á bẹ́ẹ̀."

"Bó ṣe rí báyìí ni mo ń yà, ìyá mi. Dúró kí oòrùn tú ọyẹ́ yìí ká ná."

Mo wo aago. Mo ní bọ́ọ̀sì máa fi mí sílẹ̀, pé tó bá di Àjíǹde, a ó jọ gùn ún. Ó ní kò burú. Bí mo ṣe ń sọ̀kalẹ̀, ooru kàn mí lẹ́yìn ọrùn. Mo mọ̀ pé oòrùn ti yọ. N ò bojú wẹ̀yìn.

Àjíǹde ò tíì dé tí wọ́n fi pè mí pé bàbá mi sùn, kò jí.

Ìyá mi gbé àwòrán ọjọ́ náà fún mi. Eérú àti funfun ló kún un, àfi igun kan tó ń pọ́n bọ̀. Nísàlẹ̀, lójú ọ̀nà, ọ̀dà aláwọ̀ aró bíńtín kan ṣoṣo wà níbẹ̀. Mo bi ìyá mi pé kí nìyẹn.

"Aṣọ wo lo wọ̀ lọ́jọ́ náà?" ló fi dá mi lóhùn.

Ọ̀rẹ́ mi, mo ti rò pé òkè nìkan ló gbájú mọ́. Àṣé ó ń wò mí lọ, ó sì yà mí bí mo ṣe rí lójú rẹ̀: ohun bíńtín kan tó ń yára. Kò sí ibi tó ń wù mí láti padà sí tó àpáta yẹn, kí n kàn dúró ti bàbá mi.