Ọ̀sán Tí Mo Jókòó sọ́dọ̀ Àwọn Afárin

Bí òórùn irin gbígbóná bá ta sí mi nímú, ọ̀sán kan l'Ágége ló ń rán mi létí.

Mo ṣì kéré, mo tẹ̀lé ìyá mi lọ gba orí ẹ́ńjìnì ìlọta wọn lọ́dọ̀ àwọn afárin, àwọn tó ń fi ẹ̀rọ fá irin. Ọ̀gá ibẹ̀ ní ó ti sán, òun ti bá wọn fi iná jó o pọ̀, owó di ìlọ́po méjì.

“Ẹ jọ̀ọ́, ata tí mo bá lọ lónìí ni màá fi san án.”

“Màmá Ṣadé, gbogbo yín lẹ ń sọ bẹ́ẹ̀.”

Ìyá mi wò mí. Wọ́n ní kí n jókòó, wọ́n gbé irin náà rù, wọ́n lọ.

Ọ̀gá ra búrẹ́dì fún mi, ó ń pè mí níyàwó. Mo ti dàgbà, mo ti bímọ tèmi, kí n tó mọ̀ pé èmi ni ìyá mi fi dógò owó náà.

Nírọ̀lẹ́, ìyá mi sáré dé, wọ́n sanwó, wọ́n fà mí jáde. Wọn ò dúró gba ṣéńjì.